Bí A Ṣe Pa Orúkọ Alájì Bàsítì Mọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́wó ná, kó wá wo Alájì Bàsítì tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan ní Gadumo, ní Lọ́kọ́ja níbí. Ẹ má jẹ́ kí Alájì yẹn tàn yín jẹ o. Kò dé Mẹ́kà rí. Àbújá ni ibi tó jìnnà jù tó dé, ó sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ráhùn owó ọkọ̀. Akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ọmọ àwọn oníṣòwò Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Lọ́kọ́ja.

Lọ́dún tó kọjá, ó jẹ Màrdíyà aláṣọ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà. Aṣọ funfun mẹ́ta ló gbà láwìn, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń pè ní Alájì kò gbọdọ̀ wọ aṣọ kan náà lọ síbi ìkómọ méjì. Nígbà tí Màrdíyà bẹ̀bẹ̀ títí tí kò rówó, ó nawọ́ sí fírísà Ṣàmsíátù, ìyàwó Alájì. Ó ní, "Tí oṣù kẹjọ bá parí tí mi ò rówó mi, màá gbé e lọ." Inú fírísà yẹn ni kúnú àti omi tútù tí Ṣàmsíátù ń tà máa ń wà, òun ló sì fi ń san owó ilé ìwé Nàbílà, ọmọ wọn. Alájì ní kò burú, òun gbà. Kì í kúkú ṣe òun ló ra fírísà.

Láti ọjọ́ náà ni ìṣọ́wóná ti wọ ilé wọn. Alájì fi òwú gé ọṣẹ kan sí mẹ́jọ. Ó ń ka mágì. Ẹran di ọjọ́ Jímọ̀ nìkan. Nàbílà bu mílíìkì sí tíì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dẹjọ́. "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n," ni ó máa ń wí tó bá ti pín ẹ̀kọ tán. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn sí i. Mo ní ọkùnrin yìí ti gbọ́n.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ń kómọ ní àdúgbò Natako, èmi náà lọ. Áfáà Fàtáì ló di gbohùngbohùn mú. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń rí: èèyàn á yọ owó, Áfáà á kígbe orúkọ rẹ̀ àti iye tó mú wá, gbogbo èrò á ṣe àmín. Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé, "Alájì Bàsítì! Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, lórí ọmọ tuntun! Ẹgbẹ̀rún méjì, lórí ìyá ọmọ!" Ọkùnrin tó fi òwú gé ọṣẹ nílé ló ń juwọ́ sí èrò yẹn, tí ètè rẹ̀ kò padé. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹ ìrẹsì mi tán, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn ìrẹsì.

Mo sọ fún Ṣàmsíátù. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó ní, "Ìyá Hàwáù, tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní mi ò fẹ́ kóun ṣe sàárà." Ó gbé ìgò kúnú méjì, ó di ọ̀dọ̀ Áfáà.

"Áfáà, ṣé òótọ́ ni pé tí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣe àánú, kí tòsì má mọ̀?"

Áfáà ní òótọ́ ni, hadíìsì Ànábì ni.

"Tí ọkọ mi bá tún yọ owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ rẹ̀. Ẹ ní ẹrú Ọlọ́run kan ni. Ẹ má jẹ́ kí láádá rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run bàjẹ́."

Áfáà wo kúnú, ó wo obìnrin náà, ó gba ìgò méjèèjì.

Ní ìkómọ tó tẹ̀ lé e, Áfáà kígbe: "Ẹrú Ọlọ́run kan, ẹgbẹ̀rún márùn-ún!" Alájì rò pé kò rí òun dáadáa ni. Ó sún mọ́ ọn. "Áfáà, èmi ni o. Bàsítì."

"Ọlọ́run mọ̀ yín, Alájì."

Lọ́sẹ̀ kejì, ó mú ẹgbẹ̀rún kan wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, igba náírà. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó ní ibà ń ṣe òun, ó jókòó sílé. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé tí Nàbílà bá jẹun tán, ó máa ń lá àwo. Ó dùn ún gan-an; mo rí i lójú rẹ̀. Ẹran padà sínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, owó tó ń lọ sí Natako sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ Màrdíyà díẹ̀díẹ̀. Áfáà nìkan ló ń ráhùn, nítorí obìnrin mẹ́fà mìíràn ní Gadumo ti gbé nǹkan lọ bá a nítorí hadíìsì kan náà, owó ibi ìkómọ sì ti dín kù.

Ọjọ́ tí oṣù kẹjọ parí, Màrdíyà gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá wá láti wá gbé fírísà. Alájì ka ogún ẹgbẹ̀rún tó kù sí i lọ́wọ́. Màrdíyà tún un kà, ó pé. Ló bá fa aṣọ funfun kan yọ nínú àpò.

"Haba, Alájì! Yín ni mo tọ́jú èyí fún o. Ẹ máa san án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."

Gbogbo ọgbà ti jáde. Ṣàmsíátù gbé ọwọ́ lé fírísà. Alájì fọwọ́ pa aṣọ náà, ó tún un pa. Ó wá mú ọwọ́ kúrò.

"Mi ò lówó," ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí lẹ wí, Alájì?"

"Mo ní mi ò lówó!"

Àwọn tó wà ní títì gbọ́. Màrdíyà ká aṣọ rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́. Ṣàmsíátù kò gbé ọwọ́ kúrò lórí fírísà títí kẹ̀kẹ́ náà fi yà ní kọ́nà.