Ìsàlẹ̀ Ohùn Màámi

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì tíì kọ ohun tó gùn ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ rí. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe, èmi náà ni n ó sọ ọ́.

Mò ń kọ́ṣẹ́ ní sítúdíò kan ní Ṣógúnlé, yàrá kan péré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà. Bí iná bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ tiwa àti tiwọn á máa hó. Kò sí bí a ṣe lè gba ohùn sílẹ̀ kí ó má bá a wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi ní àṣà kan. Ohun kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní EQ. Ìlà gbọọrọ kan ni: ohùn tó wúwo, tí à ń pè ní ìsàlẹ̀, wà lápá òsì, èyí tó tínrín wà lápá ọ̀tún. Ibi tí o bá fà sókè á pọ̀ sí i, ibi tí o bá fà wálẹ̀ á dín kù. Bí obìnrin bá ti kọrin tán, ọ̀gá á fa gbogbo apá òsì wálẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tó wà níbẹ̀ á sì dákẹ́.

"Ohùn obìnrin kì í ní ìsàlẹ̀," ló máa ń wí.

Ti Màámi ní ìsàlẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń fọ̀ fún àwọn ará Ire-Akari. Bí wọ́n bá ń kọrin nídìí aṣọ, àyà mi ni mo ti máa ń gbọ́ ọ kí ó tó dé etí mi. Nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ wọn ní Okota fẹ́ gba orin kan sílẹ̀ fún ìkórè, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wá. Màámi ló lé orin, àwọn yòókù ń gbè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀gá parí rẹ̀, Màámi àti ọ̀rẹ́ wọn kan wá gbọ́ ọ. Orin náà mọ́, ó ń dán. Màámi gbọ́ díẹ̀, wọ́n wo ojú mi.

"Ta ló ń kọrin yẹn?"

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni o, Mọ́mì! A ti sọ yín di ọmọge."

"Ìyàwó ojú ọ̀nà!" Ọ̀rẹ́ wọn pàtẹ́wọ́. "Bàbá àwọn ọmọ á tún lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna o!"

Màámi bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ Màámi fọwọ́ kan ọ̀fun. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ojú títì, Màámi ní, "Sọ fún ọ̀gá ẹ kó fi ẹlòmíì sípò mi. Èmi kọ́ nìyẹn. Mi ò lè jókòó láàárín ìjọ kí wọ́n máa ní èmi ni."

Mo padà wọlé. Ojú máa ń tì mí débi pé bí mo bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹlòmíì ló ń bá mi pariwo. Lọ́jọ́ náà, mo sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìsàlẹ̀ ohùn wọn padà."

"Madam Jẹ́jẹ́! O lẹ́nu? Jẹnẹrétọ̀ ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Ṣé jẹnẹrétọ̀ lo fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ìkórè ni?"

"Màámi náà wà níbẹ̀, sà."

"Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ti parí. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á."

Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó bá ti dákẹ́ ti gbà. Mi ò gbà. Ohùn tó ń rẹ̀ mí lẹ́kún ní kékeré kì í ṣe ìdọ̀tí tí ẹnikẹ́ni yóò gbọ̀n dànù lójú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ṣáájú ọ̀gá, torí èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn tí mo sì ń gbálẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ gbálẹ̀. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí EQ ohùn Màámi, mo fa apá òsì padà sókè títí ìlà náà fi tẹ́jú. Mo dín jẹnẹrétọ̀ kù díẹ̀ níbi tó ti ń hó jù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ohùn Màámi náà lọ, mo dúró. Mo fi èyí tó ṣẹ́ kù nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Ó kúkú wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọrin. Mo da orin náà sínú fláàṣì, mo gbé e sórí tábìlì ọ̀gá, mo sì fi ìlà náà sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kí ó lè rí i. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìgbálẹ̀.