Ọjọ́ Tí Wọ́n Bi Ìyá Mi Pé Ta Ló Gbin Igi Emi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ro ẹjọ́ kan fún yín lónìí, nítorí ó ti ń gbé mi nínú láti ìgbà òjò tó kọjá. Bó bá jẹ́ ohun tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín lẹ ń wá, ẹ yáa kọjá sí ojú ewé ẹlòmíràn.

Ṣakí ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń rán níbẹ̀, ṣùgbọ́n abúlé kan lọ́nà Ìgbòho ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni ìyá mi ṣì wà. Òrí ló ń ṣe. Òrí tí ẹ fi ń para nígbà ọyẹ́, tí ẹ fi ń pa ọmọ tuntun lára, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ ló ti ń wá. Òun ló fi rán mi lọ kọ́ṣẹ́, òun náà ló fi ń jẹun títí wọ́n fi dé bá wa.

Inú èso igi emi ni òrí ti ń jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò mọ igi náà, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. A kì í gbìn ín lọ́dọ̀ wa, fúnra rẹ̀ ló ń hù. Ẹni tó bá ń ṣán oko ló máa ń dá a sí. Yóò gé àwọn igi yòókù, yóò fi emi sílẹ̀. Ọkùnrin tó bá ṣèèṣì gé e, kó má wulẹ̀ retí oúnjẹ gidi nílé lọ́jọ́ náà. Tí ilẹ̀ bá sì ti ṣá, a ó fi í sílẹ̀ kó sinmi, a ó lọ dáko síbòmíràn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kò ní yéé wọ inú rẹ̀ lọ ṣa emi tó bá já bọ́. Ìyá bàbá mi ṣa níbẹ̀, ìyá ọkọ tirẹ̀ ló sì fà á lé e lọ́wọ́. Ìyá mi náà gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Gbogbo abúlé ló mọ ẹni tó ni igi kọ̀ọ̀kan.

Àfi bí iléeṣẹ́ kan ṣe ti ìlú ńlá dé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbin kajú. Ta ló mú wọn wá? Ẹ̀gbọ́n mi Kàmórù ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù. Nígbà tí ìyá tiẹ̀ kú, ẹ̀yìn ìyá mi ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí. Ìyá mi ló tọ́ ọ dàgbà.

Wọ́n pe ìpàdé sí iwájú ilé Baálẹ̀. Mo wọ ọ̀kadà láti Ṣakí lọ síbẹ̀. Ọ̀gá wọn sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ti yẹ ilẹ̀ náà wò, pé ó ṣófo, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Kàmórù túmọ̀ rẹ̀ fún wa láìfi ojú wo ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi ni wọ́n ń pè ní òfìfo o! Ṣé ẹni tó bá sùn lọ́sàn-án ti di òkú nìyẹn?

Ọ̀gá náà ní ẹni tó bá gbin nǹkan síbẹ̀ kó dìde, kó sọ ohun tó gbìn, àwọn yóò san owó gbà-má-bínú fún un. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Eléyìí gbin máńgòrò, tọ̀hún gbin ẹ̀gẹ́. Nígbà tó kan ìyá mi, ó tọ́ka sí apá ibi tí emi rẹ̀ wà.

Kàmórù wá bi í pé, "Màmá, wọ́n ní ta ló gbin àwọn igi emi yẹn?"

Màmá! Ẹni tó ń pè ní Ìyá láti kékeré.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni í gbin emi? Ẹnì kankan kò gbìn ín. Bá a ṣe bá a níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó bí bàbá yín náà, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn."

Ó fi ìgbéraga sọ ọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ. Ohun tó ń sọ ni pé ìdílé wa ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè rántí ìgbà tí a dé ìdí igi náà.

Kàmórù gbọ́ ọ yé, ṣebí abúlé yẹn náà ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀: kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ọ̀gá náà mi orí, wọ́n sì pe ẹlòmíràn.

Mo dìde, mo ní kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá mi tán. Ó ní, "Sikírá, jókòó. Igi téèyàn kò gbìn, igi ìgbẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé nìyẹn." Mo bi í bóyá ìgbẹ́ ló fi òrí pa á lára nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó yíjú sí àwọn àlejò rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé àwọn ará oko fẹ́ràn igbó jù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ̀ pé mo gbọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Bá a ṣe ń lọ sílé, inú ìyá mi ń dùn. Ó ní ṣé mo rí bí ọ̀gá yẹn ṣe ń mi orí, pé ọ̀rọ̀ òun ti yé e. Mi ò lè sọ fún un.

Ìgbà tí emi ń so lọ́wọ́ ni katakata wọn dé láti wó igi. Ìyá mi gbé agbọ̀n lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ó bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Èso tútù fọ́n ká ilẹ̀. Emi tí kò gbó kò ní òrí kankan nínú, nítorí náà kò ṣa ẹyọ kan. Ó bẹ awakọ̀ náà kó fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi," ó sì wó o.

Ẹ rò pé ó tán? Nígbà tí kajú ti ń hù, wọ́n tún padà wá, wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n ní ayẹyẹ ìtọ́jú igi ni. Ọmọbìnrin kan tó dé fìlà iléeṣẹ́ náà dìde, ó ń kọ́ àwọn ìyá wa pé igi emi ṣe pàtàkì fún obìnrin, pé kò dára kéèyàn máa gé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ọmọ igi emi kan nínú ọ̀rá.

Kàmórù fa ìyá mi síwájú fún fótò. Ó ní, "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ìyá mi wo igi ọwọ́ rẹ̀. Ó bi í pé, "Kàmórù, níbo ni kí n gbìn ín sí?"

Ó ní, "Ẹ ṣáà mú un dání ná."

Wọ́n ya fótò náà. Mo ti rí i lórí fóònù, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn kọ́ àwọn obìnrin oko bí a ṣe ń gbin igi. Ìyá mi ti ń bá wọn tu koríko ìdí kajú lórí ilẹ̀ yẹn báyìí.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé òyìnbó ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo ilẹ̀ wa wà lágbárí àwọn ọmọ tí a fi ọwọ́ ara wa tọ́. Ẹ dẹ́kun pípe ilẹ̀ àwọn bàbá yín ní igbó. Bí wọ́n bá pe ìpàdé nílé yín, ẹ lọ, kí ẹ má sì jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti gba ilẹ̀ yín bẹ́ẹ̀, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Kí ni wọ́n bi ìyá yín? Èwo nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn?