Kíndìnrín Tí Àbíkẹ́ Fẹ́ Fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ojú Ọlátúnbọ̀sún ló kọ́kọ́ wú. Àbíkẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ní àdúgbò Òkè-Ogbó, rò pé kò sùn tó ni. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà fi wú, tí bàtà tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní yunifásítì kò gbà á mọ́. Oúnjẹ ń rí i lára, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kú.

Ọdún 1984 nìyẹn. Dókítà Awóníyì pe Àbíkẹ́ àti Fọláṣadé, ìyàwó aláìsàn, sí kọ̀rọ̀.

"Kíndìnrín ló ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wa," ni dókítà wí. "Tirẹ̀ ò lè sẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n lè máa fi ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀ náà ní Èkó, àmọ́ ìyẹn ò ní wò ó sàn. Ohun tó lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ni kí wọ́n gba kíndìnrín kan lára ẹlòmíì, kí wọ́n fi sí i lára. A ò tíì máa ṣe é nílẹ̀ yìí. London ni."

"Ẹni tí wọ́n bá gba tirẹ̀ ńkọ́?" Fọláṣadé béèrè. "Ṣé kò ní kú?"

"Méjì ni Ọlọ́run fún wa, mà. Ọ̀kan tó ẹni tí ara rẹ̀ le. Ti ọmọ ìyá ló sì sábà máa ń báni mu jù."

"Ẹ gba tèmi," ni Àbíkẹ́ wí.

Ọmọdé ni nígbà tí ìyá wọn kú. Ọlátúnbọ̀sún ló pọ̀n ọ́n, òun ló fi í sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó bára mu. Yunifásítì gbà láti rán wọn lọ. Fọláṣadé rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò gbà," ó wí lórí bẹ́ẹ̀dì. "Àbíkẹ́, o ò tíì bímọ. Kí wọ́n wá là ọ́ nítorí mi? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá wa lọ́run?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà ní mo ṣì lè bímọ."

"Dókítà kọ́ ló tọ́ ọ."

Ó kọjú sí ògiri. Gbogbo àsìkò òjò ọdún náà ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Èkó, síbẹ̀ ara ń yún un, ó ń họ ọ́ títí tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Èémí rẹ̀ ń rùn bí ìtọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Ẹ̀rù ikú ń bà mí," ó wí. "Bí o bá ṣì fẹ́ fún mi, mo gbà."

Àbíkẹ́ sáré lọ bá dókítà. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá. Ó ní omi ti kún àyà Ọlátúnbọ̀sún, ọkàn rẹ̀ ò sì lè lù dáadáa mọ́. Kò lè wọ bàálù mọ́, kò sì sí oníṣẹ́ abẹ tó máa là á, kódà bó débẹ̀.

Àbíkẹ́ nu ojú, ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n ní ká máa múra," ó wí.

"Ṣé òtútù ibẹ̀ ò ní pọ̀ jù?"

"Màá rán ẹ̀wù tó nípọn fún yín."

Kó tó di Kérésì, wọ́n ti sin ín. Àwọn tó wá kí Àbíkẹ́ ní kó máa dúpẹ́, pé Ọlọ́run ò jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kan ara rẹ̀ lásán. Àbíkẹ́ ká ẹ̀wù tó nípọn náà, tí kò tíì rán tán, ó fi í sínú àpótí.