Mo Gbé Sinimá Ìyáàfin Lótà Lọ sí Abidjan

Àkùkọ kò tíì kọ ní Ẹjìgbò tí mo ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì Abidjan, agolo pẹrẹsẹ kan lórí itan mi. Sinimá ló wà nínú rẹ̀. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, Ìyáàfin Lótà ṣeré nínú sinimá tí kò lóhùn ní Jámánì, ìlú rẹ̀. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, wọ́n ní ohùn rẹ̀ le jù, wọn kò pè é mọ́. Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ tó ń ra kòkó wá sọ́dọ̀ wa. Kí wọ́n tó kó lọ sí Abidjan, ó fi ìda dí agolo náà, ó ní òun kò fẹ́ rí i mọ́, ó fi í sọ́wọ́ èmi, tíṣà tó ń kọ́ ọ ní Yorùbá. Ní báyìí, Àbíkẹ́ àbúrò mi tó ń tọ́jú Ìyáàfin níbẹ̀ ránṣẹ́: “Bọ̀dá mi, ojú màmá ti ń lọ. Wọ́n fẹ́ rí sinimá wọn. Ẹ má pẹ́ o.”

Ọkàn mi kò balẹ̀ lọ́nà. Mo mọ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan fíìmù àwọn ayàfọ́tò wa, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ní Noé, ẹnubodè Côte d'Ivoire, ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́bodè kan ti yọ ọ̀bẹ sí ìda náà. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku fún ọmọdé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ.

Ní Adjamé, níbi tí bọ́ọ̀sì wa dúró sí ní Abidjan, mo jẹ attiéké, ìyẹn ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi ooru sè, ó rọ̀ ju gàrí wa lọ. Mo wọ wóròwóró, takisí wọn. Ọmọ Ẹjìgbò tí wọ́n bí síbẹ̀ ló ń wà á, “Tonton” ló sì ń pe àgbà, bí àwọn Faransé.

“Tonton, kí ló wà nínú agolo yẹn? Ẹ̀gúsí?”

“Ọmọ mi, ‘ẹ kú ìrìn’ la kọ́kọ́ ń kí àgbà.”

“Pardon, Tonton. Ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀gúsí ni?”

Ní Zone 4, nílé Ìyáàfin, Àbíkẹ́ ha ìda náà kúrò. Òórùn kíkan bo yàrá. Fíìmù náà ti lẹ̀ pọ̀ bí gúgúrú olóyin. Ìwọ̀nba etí rẹ̀ ló ṣeé tú.

“Ìyáàfin, n kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án rárá!”

“Tíṣà, èyí tí wọ́n ti fọ̀ tán kì í bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀. Atẹ́gùn ló nílò. Èmi ni mo sé e mọ́.”

Ó gbé ibi tó tú náà sí ojú fèrèsé, ó fi sún mọ́ ojú rẹ̀ gan-an: àwòrán ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin, lẹ́nu ọ̀nà kan, ó la ẹnu.

“Kí lẹ ń sọ níbẹ̀, Màmá?” Àbíkẹ́ bi í.

“Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ rí.” Ó gbé orí sókè, ó fi ohùn líle rẹ̀ ké: “Bàbá, ẹ dúró dè mí!” Láti ibẹ̀ ló ti sọ ìtàn sinimá náà fún wa dé òpin, kò wo fíìmù náà mọ́.

Nígbà tí mo padà sí Ẹjìgbò, mo ṣí àpótí aṣọ ìyàwó mi tí mo ti tì pa láti ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, mo sá wọn sójú afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wa bi mí pé ta ló ni wọ́n. Mo fa àga jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.