Òjò Tó Gba Eré Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò lè rán mi níṣẹ́ láì bi mí bóyá ó rẹ̀ mí, odó kì í dún ládùúgbò wa ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìkéré á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn. Iyán ni oúnjẹ wa. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, láti ẹsẹ̀ àpáta Olósùnta títí dé ọjà, ìró odó ni ẹ ó máa gbọ́ láti agbo ilé dé agbo ilé. Ṣùgbọ́n tó bá ti di Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó rọlẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò wa á ti gún iyán wọn tán, wọ́n á ti fi ewé wé e, wọ́n á ti gbé e pamọ́ fún ọkọ wọn. Ọkọ tó bá pẹ́ kó tó ti oko dé á jẹ iyán tútù, kò sì gbọ́dọ̀ kùn. Ohun tó fà á ni pé Tíṣà ní rédíò, eré sì wà lórí rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Ẹ̀yin tí tẹlifíṣàn wà ní pálọ̀ yín, tó tún wà nínú fóònù yín, ẹ ò lè mọ ohun tí rédíò kan ṣoṣo jẹ́ fún odindi àdúgbò nígbà náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é, bíi pé ẹnì kan ò lè dá a lóhùn. Àwa ń dá a lóhùn dáadáa ní tiwa. Àpótí pákó ni, ó tóbi tó àgò adìyẹ, bátìrì rẹ̀ wúwo bí ọlọ, wáyà rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé jáde lọ sórí igi ọsàn. Nítorí pé bátìrì náà wọ́n, Tíṣà kì í tan rédíò yẹn bí kò ṣe fún ìròyìn àti fún eré wa. Ilé Tíṣà yìí nìkan ló ní páànù lórí ní gbogbo ọ̀wọ́ ilé wa. Koríko bẹẹrẹ la fi bo ti àwa yòókù.

Eré náà dá lórí ọmọbìnrin kan tó lọ fẹ́ dírẹ́bà tí bàbá rẹ̀ ò fẹ́. Bàbá yìí, àgbẹ̀ oníkòkó tó lówó tó sì lágídí, ti búra pé ọmọ náà ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́ láéláé. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ là ń gbọ́ ohun tójú ọmọ náà ń rí. Bó bá ń sunkún, àwọn obìnrin á máa sọ fún un pé kó pẹ̀lẹ́. Bí bàbá bá ń fọ́nnu, wọ́n á pòṣé sí i, ìyàwó Tíṣà á sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lódò. Télọ̀ kan tó ń ránṣọ ní ìkóríta wa ló wà lẹ́yìn bàbá. Ẹ̀rọ ìránṣọ á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà á máa pariwo pé ọmọ tó bá ṣàìgbọràn sí òbí rẹ̀ báyìí kò yẹ lẹ́ni tí à ń ṣílẹ̀kùn fún. Àwọn tó ru omi kọjá á dúró dá a lóhùn, omi á máa kán sí wọn lọ́rùn.

"Ìwọ tóò tíì bímọ! Jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ulé ara rẹ ná!"

Inú mi máa ń dùn dé ẹ̀yìn bí mo bá gbọ́ àríyànjiyàn yẹn. Bí ẹ̀yin náà ṣe ń jà lónìí lórí ẹni tí òṣèré kan máa fẹ́ nínú sinimá alápá púpọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwa náà ṣe ń jà, àfi pé àwa ò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, kì í lè dé ilé Tíṣà nítorí làkúrègbé tó wà ní orúnkún rẹ̀. Èmi ni mò ń bá a gbọ́ eré náà. Bó bá ti parí, mo máa sáré wálé, mo máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo sì máa rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará inú rédíò ń sọ Yorùbá bíi ti pásítọ̀ lórí àga ìwàásù, Ìyá àgbà ò sì fẹ́ ìyẹn létí. "Sọ ọ́ bí a ti í sọ̀rọ̀," ló máa wí. Nítorí náà, bàbá tó ń pariwo "ilé mi, ilé mi" nílé Tíṣà á ti di ará Ìkéré kó tó dé ìdí ààrò wa, "ulé mi, ulé mi" lá máa pariwo. Mo tún máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ìyá àgbà á máa gbọ́, á máa ti igi sínú iná, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan sọ ẹni tó jàre fún mi.

Mo mọ ohun tó fà á. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lóbìnrin, àǹtí mi, ti lọ fẹ́ oníṣòwò kan ní Àgbàdo tó wà nítòsí wa, Mùsùlùmí sì lọkùnrin náà. Ìyá àgbà jẹ́ ẹni ńlá nínú ìjọ wa. Ó ní òun ò bímọ fún mọ́ṣáláṣí, pé ọmọ náà ò gbọ́dọ̀ tẹ ilé òun mọ́. Ó ti di ọdún mẹ́ta, a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ nílé. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ ọjà, àǹtí mi máa ń bá ẹrù ọkọ rẹ̀ wá sí Ìkéré. Bí wọ́n bá rán mi ní iyọ̀, mo máa gba ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ kí i. Á ra àkàrà fún mi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: "Yèyé ńkọ́? Orúnkún rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?" Ó ti bí ọmọkùnrin kan tó ti ń rìn, tí Ìyá àgbà ò rí rí. Mo fẹ́ràn àǹtí mi yìí gan-an. Kí ó padà wálé ni ohun kan ṣoṣo tí mò ń fi àdúrà alẹ́ mi tọrọ, mo sì máa ń rọra tọrọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàá gbọ́.

Ẹ wá wò ó o. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọmọbìnrin inú eré náà gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Wọ́n ní ká padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ìgbà náà ni yóò parí. Ariwo tá a pa lọ́jọ́ náà, ajá sá jáde! Nígbà tí mo rò ó dé ibẹ̀ fún Ìyá àgbà, ó dáwọ́ igi tó ń tì dúró.

"Ó kan ulẹ̀kùn?"

"Ó kàn án, Yèyé."

"Ìgbà mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Ó ti igi náà wọ inú iná, ó ní ká jẹun. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó bi mí tó ìgbà márùn-ún pé ọjọ́ mélòó ló kù kí Ọjọ́bọ̀ pé.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àwọn tí kì í wá tẹ́lẹ̀ wá. A kún pálọ̀ Tíṣà, a kún ẹnu ọ̀nà, télọ̀ sì gbé àga tirẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Eré bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà tún kan ilẹ̀kùn, a gbọ́ ìṣísẹ̀ bàbá nínú ilé, a gbọ́ tó ní, "Ta nìyẹn?" Ìgbà náà gan-an ni òjò tó ti ṣú lórí Olósùnta láti ọ̀sán bọ́ lu páànù Tíṣà. Àwọn tí wọ́n bá ti gbé abẹ́ páànù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Tíṣà yí rédíò sókè títí kò fi ní ibi tó tún lè yí i dé. A to orí jọ sí i lára. Ìyàwó Tíṣà fi aṣọ bo orí ara rẹ̀ àti rédíò pa pọ̀. Kò sóhun tá a gbọ́ ju òjò lọ. Nígbà tó máa dá, iye tí wọ́n ń ra kòkó ni rédíò ń sọ.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Obìnrin kan búra pé òun gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Télọ̀ ní irọ́ ni, ẹkún lòun gbọ́, ọmọbìnrin náà ń sunkún lọ ni. Ẹnì kan ní kí Tíṣà bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Mo yọ́ jáde láàárín wọn. Kì í ṣe ti eré ló ń dùn mí mọ́. Mo mọ ẹni tó ń dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo sì mọ ohun tó fẹ́ bi mí. Bí mo bá ní a ò gbọ́, ọ̀rọ̀ náà á tutù dànù. Bí mo bá sì ní bàbá náà kọ̀, mo ti fi ẹnu ara mi tilẹ̀kùn mọ́ àǹtí mi.

Mo wọlé, Ìyá àgbà gbójú sókè. "Ṣé ó ṣí i?"

"Ó ṣí i, Yèyé."

"Kí ló wí?"

Mi ò tíì ronú dé ibẹ̀. Omi ń kán lára aṣọ mi sílẹ̀. Mo ní, "Ó ní, 'Ẹ gbé ọmọ yẹn wọ ulé, òjò ti pa á jù.'"

"Òjò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé. Òjò ńlá."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí mo padà dé, ó bi mí, bí ẹni tó ń bi mí ní iye iyọ̀ lọ́jà, bóyá àǹtí mi ṣì máa ń wá ní ọjọ́ ọjà. Ẹnu yà mí pé ó mọ̀. Mo ní ó máa ń wá. Ó ní, "Bó o bá rí i, sọ fún un pé mo ní kó gbé ọmọ náà wá."

Lọ́jọ́ ọjà, bí mo ṣe lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fún àǹtí mi, Ìyá àgbà ti odó iyán mọ́ ara ilẹ̀kùn kó má bàá padé. Àǹtí mi ò rí ilẹ̀kùn tó máa kàn. Ó kúnlẹ̀ síta, ó ń sunkún, ẹ̀rù ń bà á láti wọlé. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ kọ́kọ́ kí i. Ó ní kí n pọnmi wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n máa ń da omi sórí òrùlé, wọ́n á gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kó kán sí i lára. Wọn ò ṣe é fún ọmọ yìí nílé wa. Ìyá àgbà, tòun ti orúnkún rẹ̀, da omi sórí bẹẹrẹ, ó gbé ọmọ tó ti ń rìn, tó ti ń sọ̀rọ̀, sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Ọmọ náà figbe ta, ó tàpá. Bí àǹtí mi ṣe ń sunkún ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà jó, n kò purọ́ fún yín.

Nígbà tí Tíṣà lo họlidé rẹ̀ ní Ìbàdàn tó dé, ó wá kí Ìyá àgbà, télọ̀ sì tẹ̀ lé e. Tíṣà ní òun ti rí ẹni tó gbọ́ eré wa parí. Ó ní bàbá náà ò ṣílẹ̀kùn, pé ọmọbìnrin náà gbọ́mọ rẹ̀ lọ ni. Télọ̀ fò sókè, ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Mi ò lè wo ojú Ìyá àgbà. Ó ń fún ọmọ àǹtí mi ní iyán lórí itan rẹ̀, nítorí pé ọmọ náà ti ń wá lo ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn.

Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ jókòó. Mo ti mọ̀ pé ọmọ yìí ò gbọ́ nǹkan kan. Òjò tó rọ̀ sórí ulé yín lọ́jọ́ náà, ó rọ̀ sórí ulé tèmi náà. Láti ọjọ́ tó ti ń rò ó fún mi, òjò ò rọ̀ rí nínú eré yẹn. Òjò Ìkéré ló fi pa ọmọ náà." Ó wá yíjú sí télọ̀. "Bàbá inú rédíò yẹn, kó jókòó ti ulẹ̀kùn rẹ̀. Èmi ti ṣí tèmi."

Ayé ti yí padà lójú mi. Páànù ti bo gbogbo ilé àdúgbò wa, ẹ̀rọ ló ń gún iyán fún ẹlòmíràn, ojoojúmọ́ sì leré wà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń jiyàn lórí fóònù pẹ̀lú ẹni tí wọn ò rí rí, lórí eré tí kò tíì jáde. Ó dùn mọ́ mi láti gbọ́ wọn. Bí òjò bá gba ọ̀rọ̀ kan mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á fọwọ́ kan dá a padà sẹ́yìn, wọ́n á tún un gbọ́.

Síbẹ̀, ọmọ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, tí kì í ráyè wo eré, máa ń pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọdún tó kọjá. Á ní, "Màmá, ẹ sọ bó ṣe parí fún mi." Mò ń sọ ọ́ fún un. Bẹ́ ẹ bá sì gbọ́ pé òjò rọ̀ níbẹ̀, ẹ má bi mí léèrè ibi tó ti ṣú wá.