Afárá Tí Wọ́n Kọ́ Sínú Ìwé

Ìdúró ni Idella Gokey ti ka ìwé ọdún ìlú Hadlock, èyí tí ìgbìmọ̀ ìlú fi ń ròyìn iṣẹ́ àti owó, létí odò, níbi tí àpótí lẹ́tà rẹ̀ wà, ìbọ̀wọ́ òtútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ìwé kọkàndínlógún ló ti rí i: afárá ọ̀nà Tannery tí omíyalé gbé lọ, wọ́n ti kọ́ ọ parí. Owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba dọ́là.

Ó gbójú sókè. Níbi tí afárá yẹ kó wà, pákó méjì ló wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ wọn sórí òkúta, tó sì ta okùn láti ara igi kan dé èkejì kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú. Omi ń ṣàn lọ lábẹ́ wọn. Ó tún ìwé kà, bóyá ojú ló ń tan òun. Ìwé kò yí ohùn padà. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Ó jọ pé bírò náà dùn ún kọ́ afárá.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Hadlock. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún nínú ìlú yẹn tí kò tíì bì sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ rí, tàbí kó sùn kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ọkọ rẹ̀, Armand, kú ní ìgbà ìrúwé. Ní oṣù keje ọdún kan náà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì, odò sì gbé afárá. Ilé kan ṣoṣo ló wà ní òdìkejì: ilé Idella.

Níbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń wá. Wọ́n á gbé búrẹ́dì àti ọbẹ̀ wá, wọ́n á dúró sí etí odò lápá ìlú, wọ́n á máa pariwo kí i. Idella náà á pariwo dáhùn. Ṣùgbọ́n ta ló lè máa fi igbe ṣe àlejò? Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, wọn kò wá mọ́. Ọkọ̀ onígi ìdáná ń da igi sílẹ̀ lápá ibẹ̀, Idella á sì máa kó o kọjá lórí pákó, mẹ́ta mẹ́ta, títí ọwọ́ á fi kú. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló ń ba ọmọ rẹ̀ Noreen lẹ́rù jù, tó fi ń pè é láti Ohio ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

"Mọ́mì, ẹ ta ilé yẹn."

"Ta ni yóò ra ilé tí mọ́tò ò lè dé?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ afárá ná, kẹ́ ẹ wá tà á."

"Tí wọ́n bá kọ́ afárá, kí ni mo tún fẹ́ tà á fún?"

Ọdún kejì wá nìyí tó ti ń dúró de afárá. Ìwé sì ní ó ti dé. Bí ìpàdé ọdọọdún tí gbogbo ará ìlú ti ń dìbò bá fi lè fọwọ́ sí ìwé yìí ní ọjọ́ Tuesday, wọ́n á kọ̀wé sí ìjọba pé iṣẹ́ ti parí, ìjọba á pa fáìlì dé, ó tán. Afárá kankan kò ní í wá mọ́ láéláé.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàdé, Wendell Thibault wá kí i. Ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin yìí ti fi jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ìlú. Òun ló gbé apá iwájú pósí Armand. Láti ìgbà náà, bí yìnyín bá ti bọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti gbé ọkọ̀ ìkóyìnyín rẹ̀ dé etí odò láti ro ọ̀nà fún Idella, kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Ó sanra, pákó ń tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Bó ṣe jókòó sórí àga kejì nínú ilé ìdáná, Idella rántí pé kò sí ẹlòmíì tó ti jókòó síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

"O ti ka ìwé," ni Wendell wí.

"Mo kà á. Wọ́n ní afárá mi ti parí. Mo ti ń wá a kiri láti ọjọ́ yẹn."

Wendell rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yọ fìlà. "Ṣé o mọ owó ìjọba. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Tí a ò bá kọ ọ́ pé a ti ná an, wọ́n á gbà á padà. A ná an sí ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo?"

Ó ń wo inú kọfí rẹ̀.

"Ọ̀nà orí òkè," ni Idella bá a dáhùn. "Èyí tó lọ sí ahéré tó o ti ń se omi igi mépù di ṣúgà, tó sì parí síbẹ̀. Ọ̀dà dúdú, ó ń dán yinrin. Mo fẹsẹ̀ ara mi rìn ín."

"Àwọn tó ń wá ra ṣúgà mépù ń gba ibẹ̀. Ó ń mú owó wọ ìlú."

"Armand ló bá ọ kọ́ ahéré yẹn, Wendell."

"Mo mọ̀." Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Lọ́dún tó ń bọ̀ a ó wá owó míì. Má jẹ̀ẹ́ kó di ariwo. Tí èmi ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ta ni yóò máa bá ọ kó yìnyín?"

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń halẹ̀, bóyá ìyẹn ló sì burú jù. Ó fọ ife rẹ̀, ó fọ ti Idella náà, ó lọ. Idella gbọ́ bí pákó ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dùn ún pé àlejò òun ń lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹni tó ná owó afárá rẹ̀ nìkan ló kù tó ń wá kí i.

Nígbà tí ọjọ́ Tuesday pé, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún. Gbogbo èèyàn ló gbé oúnjẹ dání, tí wọ́n tò sórí tábìlì lẹ́yìn. Ní Hadlock, ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò. Alága á bèèrè, ẹni tó bá fẹ́ á ní "bẹ́ẹ̀ ni," ẹni tí kò bá fẹ́ á ní "bẹ́ẹ̀ kọ́," etí aládùúgbò á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹnì kejì, alága nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Dókítà ẹran ọ̀sìn kan tó ń jẹ́ Ardith Pell ni alága.

"Ìwé ọdún," ni Ardith wí. "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ilé mì tìtì.

"Ẹni tí kò fara mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ni Idella wí.

Ohùn kan ṣoṣo. Gbogbo orí yí padà. Idella dìde, ó di àga iwájú mú.

"Alága, afárá tó wà ní ojú ìwé kọkàndínlógún, èmi ni mò ń gbé lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

"Bóyá yìnyín ló bò ó," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. Ẹ̀rín sọ.

"Roland, mo mọ ohùn ẹ láti inú bọ́ọ̀sì."

"Èmi ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, Idella," ni Ardith wí.

"Ó dáa. Alága, ẹ bá mi sọ fún Roland pé tí yìnyín bá bo afárá náà, kó gbé mọ́tò rẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá wá kí mi. Mo ní kọfí nílé."

Ẹ̀rín tún sọ, èyí kò sì bá Roland lára mu. Ṣùgbọ́n obìnrin kan dìde, ó ní Wendell ti sin ìlú fún ọdún méjìlélógún, ó ní àti pé owó ìjọba ni, kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni níbí. Àwọn èèyàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wendell ń yí fìlà po lórí orúnkún.

"Mo fẹ́ ká fi ìwé dìbò," ni Idella wí.

"Òfin ní ẹni méje gbọ́dọ̀ dìde fún un," ni Ardith wí. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹnì kìíní."

Idella wo yíká. Tọkọtaya tó ń sin ewúrẹ́ dìde, àwọn tó kó dé láti Connecticut ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Onírùngbọ̀n tó ń ṣe búrẹ́dì dìde. Obìnrin méjì tó ra ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ dìde. Àwọn márààrún, ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ìlú ń pè wọ́n, nítorí wọn kì í ṣe ọmọ òkè. Idella náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kódà ó ti fi ewúrẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Nínú gbogbo ọmọ tó fi bọ́ọ̀sì gbé, kò sí ẹyọ kan tó dìde.

"Ẹ wo àwọn ọmọ ogun rẹ̀," ni Roland wí.

"Mẹ́fà," ni Ardith wí. Ó dúró. Kò sẹ́ni tó mira. Ó ti la ẹnu láti tẹ̀síwájú nígbà tí Hollis Cota, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Hollis, ṣé ìbò lẹ dìde fún ni, àbí ilé ìtọ̀?" ni Ardith bi í.

Bàbá náà wo gbogbo ilé. "Ilé ìtọ̀ ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n egungun mi ò gbà kí n dìde lẹ́ẹ̀mejì fún ohunkóhun. Kà mí mọ́ ọn."

Bí ó ṣe di méje nìyẹn. Wọ́n pín ìwé pélébé. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, oníkálukú fi ẹ̀yìn bo ohun tó ń kọ, wọ́n ká a, wọ́n jù ú sínú àpótí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Ardith wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́kàndínláàádọ́ta. Bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́kànléláàádọ́rin. Ìwé kò wọlé. A ó kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n wá fojú ara wọn wo afárá."

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Wendell dé fìlà rẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wá jẹun.

Idella bu oúnjẹ, ó jókòó sídìí tábìlì tó gba ẹni mẹ́jọ, òun nìkan. Àwọn tó ń kọjá ń wo àwo ọwọ́ wọn bí ẹni pé oúnjẹ fẹ́ dà. Àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ juwọ́ sí i láti igun wọn pé kó máa bọ̀. Ó mi orí sí wọn, ó rẹ́rìn-ín, kò dìde. Kí ló fẹ́ bá wọn sọ?

Ó yọ méje kúrò nínú mọ́kànléláàádọ́rin. Ó ku mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta èèyàn ló wà nínú ilé yìí tó kọ ohun tí òun sọ, tí wọ́n ká a mọ́ inú ìwé. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé Roland ni? Ṣé obìnrin tó sọ ti owó ìjọba yẹn ni? Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, kò sí èyí tó gbójú sókè.

Claudette, ìyàwó Wendell, ló ń pín kọfí. Ó ń ti tábìlì kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tó dé ti Idella, ó dúró. Ó rọ kọfí sínú ife títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀.

"O ṣé, Claudette," ni Idella wí.

"Ó gbóná," ni Claudette wí, ó sì kọjá sí tábìlì tó kàn.

Idella wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Ṣé òun náà wà nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta yẹn? Kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ó gbé ife, ó mu ún bó ṣe gbóná.