Kámẹ́rà Tuntun Tó Wà Lórí Tábìlì Ìyá Jọ̀lọ̀

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kámẹ́rà tuntun náà fi wà lórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù, tí Ìyá Jọ̀lọ̀ ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tí àlejò tí kò pè dé bá. Kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, tó ti di ọ̀gá láyè ara rẹ̀, ló gbé e wá pé kó dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó pinnu bóyá yóò ra irú rẹ̀. Kánjú ni ìyá náà ń pe ọkùnrin yìí láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, nítorí kì í jẹ́ kí oníbàárà jókòó tán kó tó tẹ kámẹ́rà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń ya fọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: àga onígi kan tí kò ní apá, iná méjì tó fi agboòrùn funfun bò, aṣọ aláwọ̀ eérú kan tó ta sára ògiri. Kámẹ́rà tó ń lò ti pé ọdún mọ́kànlá. Dígí kékeré kan wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá fi ojú sí ihò ẹ̀yìn rẹ̀, dígí yẹn ni yóò gbé oníbàárà wá fún un tààrà. Bó bá tẹ̀ ẹ́, dígí á gbéra, á padà, á dún "pá". Kámẹ́rà tuntun kò ní dígí nínú rárá. Tẹlifíṣọ̀n kékeré ló wà nínú ihò tirẹ̀, kì í sì í dún.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ń fẹ̀yìntì ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn olùkọ́ fẹ́ gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé, kó ga tó ilẹ̀kùn. Ìyá Jọ̀lọ̀ ló ti ń yà á láti ìgbà tó ti jẹ́ olùkọ́ kékeré, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn ya èyí. Ṣùgbọ́n atẹ̀wé tó máa tẹ̀ ẹ́ ti sọ fún un pé fọ́tò inú kámẹ́rà àtijọ́ yìí, bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, á fọ́ bí iyanrìn. Ó ní kó wá kámẹ́rà tí agbára rẹ̀ ju tiẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ó ń rò ó síwá sẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, kò rí ohun tó yẹ kéèyàn máa rò níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ra ayùn oníná, ṣé igi bú sẹ́kún ni? Ìyàwó dá a lóhùn pé igi kì í béèrè bí ojú òun ṣe rí. Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí pákó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń da Ìyá Jọ̀lọ̀ láàmú kò ṣeé fi ẹ̀rín parí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ojú èèyàn: kó máa yí lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀ títí irun ìpéǹpéjú á fi yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà àtijọ́ pàápàá lè ṣe èyí fúnra rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó ṣe é rí. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá gbé ìyẹn fún ẹ̀rọ, títẹ̀ nìkan ló kù fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá ilé-ìwé wá jókòó fún ìdánwò, yẹtí olókùúta wẹ́wẹ́ létí rẹ̀. Ìyá Jọ̀lọ̀ kọ́kọ́ fi kámẹ́rà àtijọ́ yà á, ó ń fọwọ́ yí lẹ́ńsì bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó gbé ti tuntun, ó sì jẹ́ kó wá ojú fúnra rẹ̀, nítorí Kánjú ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà dán ìyẹn náà wò. Ọ̀gá ilé-ìwé di èémí mú, ó ń retí kó dún. Kò dún. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ bí ère.

"Ẹ mí, mà," ni Ìyá Jọ̀lọ̀ wí. "Mo ti yà yín lẹ́ẹ̀mẹfà."

"Olè ni kámẹ́rà yìí," ni ọ̀gá ilé-ìwé sọ, ó sì tú èémí náà jáde.

Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò méjèèjì sójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín tán. Nínú ti tuntun, gbogbo ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló hàn. Ọ̀gá ilé-ìwé béèrè ta ni arúgbó yẹn. Ó tọ́ka sí ti àtijọ́.

"Èmi nìyí. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe wá nìyí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè yín ní Ìyá Jọ̀lọ̀ bí kì í bá ṣe èyí?"

Ó sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí inú Ìyá Jọ̀lọ̀ dùn, torí oníbàárà ti yan fún un. Ṣùgbọ́n ó ní kí òun fẹ fọ́tò àtijọ́ yẹn lójú, kí òun fi mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ó fẹ̀ ẹ́ dé etí. Òkúta inú yẹtí ṣeé kà, ìkọ́ tó gbé e dúró hàn ketekete. Ó fà á wá síbi ojú. Ojú ṣe bàìbàì. Irun ìpéǹpéjú ti pa pọ̀ di òjìji kan ṣoṣo.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. Kámẹ́rà tó rí ìkọ́ yẹtí kò lè sọ pé òun kò rí ojú. Ibi tí ọwọ́ Ìyá Jọ̀lọ̀ gbé e sí ló rí.

Ó ṣí fọ́tò oṣù tó kọjá: etí ló mú. Ti obìnrin kan tó gbé ọmọ tuntun wá: kọ́là aṣọ. Ti káfíńtà ọkọ rẹ̀ níwájú ilé: bíríkì ẹ̀yìn rẹ̀ ló mú, ọkọ fúnra rẹ̀ kò mú. Ó ń lọ sẹ́yìn títí ó fi dé ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, níbi tí ojú àwọn èèyàn ti mú kedere. Ó wá rántí pé nígbà yẹn, Ìyá Onífọ́tò ni gbogbo èèyàn ń pe òun. Orúkọ Jọ̀lọ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó ti rò pé iná tí òun ń tò ló fa orúkọ náà, pé iṣẹ́ túbọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yìn ín.

Kánjú dé lọ́sàn-án láti gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìyá Jọ̀lọ̀ kò jẹ́ kó kí òun tán tó fi yí ojú kọ̀ǹpútà sí i.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ọkùnrin náà wo fọ́tò, ó wolẹ̀. "Ó ti tó ọdún méjì, Ọ̀gá."

"O ò sì sọ."

"Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń gbá mi lórí bí fọ́tò mi ò bá mú."

Ó wá jẹ́wọ́ pé ìdí tí òun fi gbé kámẹ́rà náà wá gan-an nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ fọ́tò tó ga bí ilẹ̀kùn kàn bọ́ sí àsìkò ni. Kámẹ́rà yìí á wá ojú èèyàn rí, kódà bí ẹni tó dì í mú bá di ojú tirẹ̀.

"Bí ẹ bá ń lò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìwọ mọ̀," ni Ìyá Jọ̀lọ̀ sọ. "Èmi náà ti wá mọ̀."

Ó jókòó sórí àga oníbàárà, níbi tí kì í jókòó sí. Bó bá gba kámẹ́rà náà, á lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá sí i, á sì máa gba ìyìn nítorí ohun tí kò rí. Bí kò bá gbà á, á máa ya etí àwọn èèyàn títí wọn á fi dẹ́kun wíwá. Kò tilẹ̀ mọ èyí tó ń ba òun lẹ́rù jù nínú méjèèjì. Kánjú dúró, kò kánjú.

"Lọ́jọ́ Ajé mo ń lọ rí dókítà ojú," ni Ìyá Jọ̀lọ̀ wí nígbẹ̀yìn. "Bó bá ní ojú mi á là, kámẹ́rà mi tó mi. Bó bá ní kò ní là, kí o gbé èyí padà wá, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá jókòó síbí ni màá sọ fún pé ẹ̀rọ ló ń bá mi rí wọn."

"Fọ́tò ọ̀gá ilé-ìwé ńkọ́?"

Ìyá Jọ̀lọ̀ dìde lórí àga náà. "Ìwọ lo máa yà á. Èmi á to iná, èmi á gbé àgbọ̀n rẹ̀ síbi tó yẹ. Ìwọ á tẹ̀ ẹ́."

Kánjú ní òun gbọ́.

Ìyá Jọ̀lọ̀ gbé fóònù kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Ó ní kí ọ̀gá ilé-ìwé jọ̀wọ́, fọ́tò tó yàn kò ṣeé gbé kọ́. Ìyẹn fèsì pé ó dára lójú òun, pé òun kò fẹ́ kí ọmọdé kankan máa ka ìlà ẹnu òun lára ògiri. Ìyá Jọ̀lọ̀ jẹ́ kó sọ tán.

"Kì í ṣe pé mo mú yín dán, mà. Ojú mi ni kò rí yín mọ́."

Ohùn àwọn ọmọ tó ń kàwé pọ̀ ń wọlé láti ẹ̀yìn ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ti ìgbéyàwó ọmọ mi lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Òun náà wà lára èyí tí kò mú, mà."

"Gbogbo wọn?"

"Èyí tí mo fọwọ́ mi yà, gbogbo wọn."

Ìyá Jọ̀lọ̀ di fóònù mú mọ́ etí, ó sì ń dúró de ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé máa sọ.